Orí Karùn-ún: Ọwọ́ Ayàwòrán Nínú Fọ́tò Ìṣẹ̀dá, Fọ́tò Ìlú àti Fọ́tò Àkànpọ̀

Ní ọdún 1838, Louis Daguerre gbé àpótí ayàwòrán rẹ̀ sójú fèrèsé ilé kan nílùú Paris, ó sì kọ ojú rẹ̀ sí òpópónà tí wọ́n ń pè ní Boulevard du Temple. Òpópónà náà kì í dá. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ń lọ, wọ́n ń bọ̀, èrò ń wọ́ létí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwòrán náà jáde lórí àwo fàdákà, ìgboro ti dá páropáro. Igi dúró, ilé dúró, kò sí ẹṣin, kò sí kẹ̀kẹ́. Ọkùnrin kan tó gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó ń bá a nu bàtà nìkan ni ojú rí dáadáa. Ohun tó fà á ni pé ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ bà lé àwo náà fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí àwòrán tó lè mú, ohun tó bá sì ń rìn kì í dúró pẹ́ tó láti fi àmì sílẹ̀. Daguerre kò pa ẹnikẹ́ni rẹ́, kò sì fi nǹkan kan kún un. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó gba òpópónà náà kọjá lọ́jọ́ yẹn tó lè jẹ́rìí pé bí ó ṣe rí nìyẹn.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń pín iṣẹ́ fọ́tò sí ọ̀nà mẹ́ta, wọ́n a sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ipò tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ òtítọ́. Wọ́n a ní fọ́tò ìṣẹ̀dá, ìyẹn ti òkè, odò, igbó àti òfuurufú, ló mọ́ jù, torí pé òkè kì í ṣe ojú ayé. Wọ́n a ní ti ìlú jẹ́ alábàápàdé, pé ẹni tó bá wà níbẹ̀ lásìkò ló rí i yà. Ní ti àkànpọ̀, èyí tí a fi nẹ́gátíìfù (gíláàsì tàbí fíìmù tí kámẹ́rà ya àwòrán sí) méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣe, wọ́n a kà á sí ẹ̀tàn, tàbí, bí àánú bá ṣe wọ́n, eré lásán. Orí yìí kò fara mọ́ ìpín náà. Ọwọ́ ayàwòrán wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ibi tó ti ṣiṣẹ́ nìkan ló yàtọ̀. Nínú ti ìṣẹ̀dá, ó fara pa mọ́ sínú gíláàsì àti oògùn. Nínú ti ìlú, ó wà nínú ẹsẹ̀ tó gbé ayàwòrán débẹ̀ àti ìṣẹ́jú tó yàn láti tẹ kámẹ́rà. Nínú ti àkànpọ̀, ó hàn sí gbogbo ayé. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, a ò lè máa béèrè bóyá ọwọ́ kàn án kí a tó dá fọ́tò lẹ́jọ́. Ohun tó yẹ ká béèrè ni àdéhùn tó wà láàárín ẹni tó ṣe é àti ẹni tó ń wò ó: kí ni fọ́tò yìí ní òun jẹ́?

Òkun, òkè àti òṣùpá

Fọ́tò ìṣẹ̀dá ni ó dà bí ẹni pé yóò já àbá yìí kulẹ̀ jù, nítorí náà ibẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, gíláàsì tí a fi oògùn kólódíọ̀nì pa ni àwọn ayàwòrán ń lò. Oògùn yìí a máa tètè gba ìmọ́lẹ̀ búlúù ju àwọ̀ yòókù lọ. Nípa bẹ́ẹ̀, bí ìmọ́lẹ̀ bá ti tó fún òkun tàbí ilẹ̀, ó ti pọ̀ jù fún ojú ọ̀run. Ọ̀run á funfun gbòò, gbogbo ìkuukùu á sì ti bá a lọ. Bí ayàwòrán bá wá dín ìmọ́lẹ̀ kù nítorí ọ̀run, òkun á ṣókùnkùn. Gustave Le Gray, ọmọ ilẹ̀ Faransé, wá ọgbọ́n sí i. Ó ya òkun sórí gíláàsì kan, ó ya ìkuukùu sórí òmíràn, ó sì tẹ méjèèjì sórí bébà kan ṣoṣo, tó fi jẹ́ pé ìlà tí òkun àti ọ̀run ti pàdé ló bo ojú àsopọ̀ náà. Bí ó ti ṣe fọ́tò ìgbì ńlá tó yà nílùú Sète ní 1857 nìyẹn. Àwọn tó fara balẹ̀ to iṣẹ́ rẹ̀ síra ti rí i pé ìkuukùu kan náà ni ó wà lórí òkun tó yàtọ̀ síra. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má yára sọ pé ó rẹ́ àwọn ènìyàn jẹ. Ẹni tó bá dúró létí òkun á rí ìgbì, á sì rí ìkuukùu lẹ́ẹ̀kan náà. Gíláàsì kan ṣoṣo ni kò lè sọ òtítọ́ yẹn, òun ni ó ń fi ọ̀run tí kò sí níbẹ̀ han ènìyàn. Inú fọ́tò ìṣẹ̀dá gan-an ni àkànpọ̀ ti gba ìwúlò rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó máa fi fẹ̀sùn kan ayàwòrán.

Bí ẹnì kan bá ní ọgbọ́n ayé àtijọ́ ni ti Le Gray, pé nígbà tí oògùn ti dára sí i kò sí ìdí fún irú rẹ̀ mọ́, a ó mú Ansel Adams wá fún un. Òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dárúkọ bí a bá ní kí wọ́n mú ayàwòrán ìṣẹ̀dá kan wá. Ìlú San Francisco ni wọ́n bí i sí ní 1902, dùrù ló kọ́kọ́ kọ́, àfonífojì Yosemite ní California ló sì yà jù láyé rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1927, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gun òkè lọ síbi tí wọ́n ti lè dojú kọ Half Dome, àpáta tó dúró gàgàrà sí ojú ọ̀run níbẹ̀. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ dára tán, gíláàsì méjì péré ló kù fún un. Ó fi àwọ̀ ìyeyè bo ojú kámẹ́rà fún àkọ́kọ́. Kíákíá ló mọ̀ pé kò ní gbé ohun tó wà lọ́kàn òun jáde, pé ọ̀run á mọ́lẹ̀ jù, àpáta kò sì ní ní ẹ̀rù tó yẹ ẹ́. Ó yọ ìyeyè kúrò, ó fi gíláàsì pupa tó jinlẹ̀ sí i, ó sì lo gíláàsì ìyàwòrán kan tó kù. Àwọ̀ pupa kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ búlúù kọjá, nítorí náà ọ̀run ọ̀sán gangan jáde ní dúdú kirikiri, àpáta sì yọ síwájú. Adams fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé ìgbà yẹn ni òun kọ́kọ́ fi ojú inú rí fọ́tò kan pátá kí òun tó yà á. Ọ̀run dúdú yẹn kò sí lókè Yosemite lọ́jọ́ náà. Inú orí Adams ni ó wà, gíláàsì pupa ló sì bá a gbé e wá sórí bébà.

Fọ́tò òṣùpá lókè abúlé Hernandez, ní New Mexico, tó yà ní 1941, tún fi ọ̀rọ̀ náà hàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé-ìjọsìn kékeré kan wà níwájú, àwọn àgbélébùú ibojì ń tàn nínú ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́, òṣùpá sì wà lókè. Adams ń wakọ̀ bọ̀ ni ó rí i, ó sáré to kámẹ́rà rẹ̀, kò rí ẹ̀rọ tó fi ń wọn ìmọ́lẹ̀, ó fi ìmọ̀ rẹ̀ nípa bí òṣùpá ṣe ń tàn ṣírò rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́. Kó tó tún ẹlẹ́ẹ̀kejì ṣe, oòrùn ti kúrò lára àwọn àgbélébùú. Gbogbo èyí bá èrò àwọn tó gbà pé fọ́tò jẹ́ alábàápàdé mu. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò parí síbẹ̀. Fún nǹkan bí ogójì ọdún ló fi ń fọ fọ́tò kan náà léraléra, tí iye ẹ̀dà rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún. Nínú àwọn ti àkọ́kọ́, ọ̀run mọ́lẹ̀ díẹ̀, ìkuukùu sì hàn níbẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni ọ̀run ń dúdú sí i nínú yàrá òkùnkùn tó ti ń fọ fọ́tò, títí ìkuukùu tó wà lókè fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ tán. Ní 1948, ó tún mú nẹ́gátíìfù náà, ó fi oògùn fún apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ lágbára sí i. Èwo nínú ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà náà ni ìrọ̀lẹ́ Hernandez gan-an? Kò sí ìkankan tí a lè fi ìka tọ́ka sí. Adams kò sì fi èyí pa mọ́, nítorí ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé bí ìwé orin tí a kọ sílẹ̀ ni nẹ́gátíìfù rí, títẹ̀ ẹ́ sórí bébà ni kíkọ orin náà. Ẹ má sì gbàgbé pé dúdú-àti-funfun ni gbogbo èyí. Kò sí ojú ènìyàn kan tó ń rí ayé bẹ́ẹ̀, a kò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe Adams ní òpùrọ́ nítorí rẹ̀.

Ẹsẹ̀ tó ń rin ìgboro

Ti ìlú ni ká kàn báyìí. Èrò tó gbòde ni pé ayàwòrán ìgboro kò ní agbára kankan lórí ohun tó ń yà, pé ìlú ló ń ṣe tirẹ̀, òun kàn ń ká a mọ́ ni. Iṣẹ́ Akínbọ̀dé Akínbíyì tó láti tú èrò yìí wò. Oxford ni àwọn òbí rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, bí i sí ní 1946. Ó kàwé ní Yunifásítì Ìbàdàn, ní Lancaster àti ní Heidelberg, lítíréṣọ̀ sì ni ó kọ́, kì í ṣe fọ́tò. Fúnra rẹ̀ ló kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ láti nǹkan bí 1972. Láti 1991 ni ó ti fi Berlin ṣe ibùgbé, ṣùgbọ́n kò yéé padà sí Èkó, Cairo, Kinshasa àti Johannesburg, àwọn ìlú ńláńlá mẹ́rin tó fi ọ̀pọ̀ ọdún rìn. Ilẹ̀ Jámánì fún un ní Àmì-ẹ̀yẹ Goethe ní 2016, ọdún tó tẹ̀ lé e sì ni iṣẹ́ rẹ̀ wà níbi àfihàn iṣẹ́ ọnà documenta 14 ní Athens àti Kassel.

Kámẹ́rà Rolleiflex ni ó ń lò, bí kámẹ́rà yìí sì ṣe ń ṣiṣẹ́ ṣe pàtàkì sí ẹjọ́ tí a ń rò. A kì í gbé e sójú. Ọ̀gangan àyà tàbí ikùn ni í wà, ayàwòrán á sì tẹrí ba wo inú rẹ̀ láti òkè. Ohun tó wà lọ́tùn-ún á hàn lósì nínú dígí rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ lé ènìyàn tó ń rìn gbọ́dọ̀ kọ́ ọwọ́ rẹ̀ láti yí síbi tí kò bá ojú mu. Fíìmù kan kò gbà ju fọ́tò méjìlá lọ, igun mẹ́rin ọgbọọgba sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ní méjìlá péré kò lè máa tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń da òkúta sọ́jà. Ó ní láti rìn, kó dúró, kó wò, kó sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nǹkan kọjá lọ. Àti pé ẹni tó tẹrí ba sí àpótí ní ikùn rẹ̀ kò dà bí ẹni tó na nǹkan sójú ènìyàn. Àwọn tó wà níwájú rẹ̀ kì í dúró ṣánṣán fún un, ojú kámẹ́rà sì ń rí wọn láti ibi tó rẹlẹ̀ díẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń kiri ọjà a máa ga ju ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ nígbà mìíràn. Ìlú kọ́ ló ṣètò èyí. Kámẹ́rà tí ayàwòrán yàn, àti ìwà tó yàn láti máa fi rìn, ni.

Nínú ọ̀wọ́ fọ́tò tó pè ní Sea Never Dry, tó yà ní Bar Beach l'Ékòó, a ó rí i pé ààlà tí a fà láàárín ìṣẹ̀dá àti ìlú kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Òkun Àtìláńtíìkì ni, ìṣẹ̀dá pọ́ńbélé. Ṣùgbọ́n àwọn aláṣọ funfun wà létí omi tí wọ́n ń gbàdúrà, ọlọ́jà ń kiri, àwọn tó wá fẹ́ atẹ́gùn ń rìn lórí yanrìn. Ibi tí a ó fi irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ sí kò dá wa lójú, kò sì yẹ kó dá wa lójú. Ìgbà tí òkun bá ń ya ilẹ̀ jẹ, ọ̀rọ̀ ìlú ni. Ìgbà tí ìlú bá da yanrìn sí òkun, ọ̀rọ̀ ìṣẹ̀dá ni. Etíkun tó yà yẹn kò sí mọ́ bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ tí wọ́n fi yanrìn dí ni Eko Atlantic dúró lé lórí níbẹ̀ lónìí. Ní Berlin náà, ó fi ẹsẹ̀ rin àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Afrikanisches Viertel, níbi tí orúkọ Togo, Kamẹrúùnù àti àwọn tó gba ilẹ̀ Áfíríkà fún Jámánì wà lára pátákó ojú pópó nígbà náà. Ẹni tó bá wo pátákó náà ní ṣókí lè rò pé kò sí ohun tí ayàwòrán ṣe ju kó dúró níwájú rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ kò rí i. Dídúró yẹn ni iṣẹ́ náà. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún 2022, wọ́n mú orúkọ Lüderitz, oníṣòwò tó gba ilẹ̀ ní Nàmíbíà, kúrò lára ọ̀kan nínú àwọn òpópónà náà, wọ́n sì fi ti Cornelius Fredericks, ọ̀kan nínú àwọn tó bá Jámánì jagun, rọ́pò rẹ̀.

Àkànpọ̀

Pẹ̀lú ohun tí a ti rí yìí, àkànpọ̀ kò tún jẹ́ àjèjì tó fò wọ ilé mọ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Oscar Rejlander fi nẹ́gátíìfù tó lé ní ọgbọ̀n ṣe fọ́tò kan ṣoṣo ní 1857, Ọbabìnrin Victoria sì ra ẹ̀dà rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Henry Peach Robinson fi nẹ́gátíìfù márùn-ún ṣe fọ́tò ọmọbìnrin kan tó ń kú lọ láàárín àwọn ẹbí rẹ̀. Ara ọmọbìnrin náà le koko, ńṣe ló jókòó fún un. Inú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn pé ẹnì kan lè gbé kámẹ́rà wọ yàrá ẹni tó ń kú, a ó sì padà sórí ìbínú yẹn láìpẹ́. Ní Amẹ́ríkà, Jerry Uelsmann, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní Yunifásítì Florida ní 1960, to ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sọ nẹ́gátíìfù di fọ́tò ńlá mélòó kan sínú yàrá òkùnkùn rẹ̀, ó fi nẹ́gátíìfù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń gbé bébà kan náà láti abẹ́ èyí dé abẹ́ ìyẹn. Igi tó léfòó lójú òfuurufú tòun ti gbòǹgbò rẹ̀, yàrá ìkàwé tí ìkuukùu ṣe àjà fún: irú ohun tó ń jáde nìyẹn. Adams ní kí a fi ojú inú rí fọ́tò kí a tó tẹ kámẹ́rà. Uelsmann ní kò sí ohun tó ní kí ojú inú sùn lẹ́yìn tí a bá tẹ̀ ẹ́ tán. Lójú tiwa, àárín àwọn méjèèjì kò jìnnà tó bí àwọn ọmọlẹ́yìn wọn ti máa ń pariwo rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò sí àkànpọ̀ kan tó la ọ̀rọ̀ àdéhùn yéni bí èyí tí àwọn onífọ́tò ilẹ̀ Yorùbá ṣe fún ìbejì. Stephen Sprague, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí rẹ̀ ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ó sì kọ ọ́ jáde nínú ìwé ìròyìn African Arts ní 1978. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, àwọn òbí á mú èyí tó kù lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò. Onífọ́tò á ya ọmọ kan ṣoṣo yìí. Nínú yàrá òkùnkùn, á fi nǹkan bo ìdajì bébà, á tẹ ọmọ náà sí ìdajì kejì, lẹ́yìn náà á bo èyí tó ti tẹ̀, á sì tún ọmọ kan náà tẹ̀ sí apá tó kù. Fọ́tò tó bá jáde á ní ọmọ méjì tó jókòó ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ìlà àárín kò sì ní fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn bí onífọ́tò bá mọṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ akọ àti abo ni wọ́n bí, èyí tó kù á wọ aṣọ ara rẹ̀ fún ọ̀kan, á sì wọ aṣọ tó yẹ èkejì rẹ̀ tó ti lọ fún ìkejì. Báyìí ni Táyé ń dúró fún Kẹ́hìndé, tí Kẹ́hìndé ń dúró fún Táyé.

Bí a bá fi òṣùwọ̀n àwọn tó kórìíra àkànpọ̀ wọn èyí, irọ́ ni láti òkè délẹ̀: ọmọ kan di méjì, ọmọkùnrin di ọmọbìnrin, òkú jókòó bí alààyè. Síbẹ̀, ta ni wọ́n parọ́ fún? Ìyá ọmọ mọ̀. Bàbá mọ̀. Onífọ́tò mọ̀, aládùúgbò tó wá kí wọn ní pálọ̀ náà sì mọ̀, torí pé kò sí ẹni tí kò gbọ́ nígbà tí èkejì lọ. Wọn kò ṣe fọ́tò náà láti sọ pé ọmọ kò kú. Wọ́n ṣe é kí ìbejì má bàa di ẹyọ kan lójú ilé. Iṣẹ́ tí ère ìbejì ti ń ṣe tipẹ́tipẹ́ ni, tí ọ̀pọ̀ ìdílé tó ti gba ẹ̀sìn Kírísítì tàbí Ìsìláàmù kò fẹ́ gbé sílé mọ́. Ère pàápàá kì í fi ojú ọmọ tó kú hàn bí ó ti rí. Àgbà ni agbẹ́gilére ń gbẹ́ ẹ, tó dàgbà, tó pé, bí ọmọ náà ò tilẹ̀ ju ọmọ ọwọ́ lọ nígbà tó lọ. Nítorí náà, nígbà tí kámẹ́rà dé, àwọn ènìyàn ti ní àṣà kan lọ́wọ́ tó jẹ́ kí wọ́n mọ bí a ṣe ń ka irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Lórí àṣà yẹn ni onífọ́tò Ìlá ti mú ọgbọ́n rẹ̀ jáde, kò dúró de Rejlander tàbí Robinson kó tó mọ ohun tí bébà tí a tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lè ṣe.

Àtakò tó yẹ ká dá lóhùn

Àtakò àkọ́kọ́ lágbára. Ẹnì kan lè sọ pé: bí ọwọ́ bá wà nínú gbogbo fọ́tò, ṣé kí oníròyìn náà máa ṣe ohun tó wù ú ni? Rárá, àpẹẹrẹ kan á sì fi ìdí rẹ̀ hàn. Ní oṣù kejì ọdún 1982, ìwé ìròyìn National Geographic gbé àwọn pírámíìdì Giza, ní ilẹ̀ Íjíbítì, sí èèpo iwájú rẹ̀. Fọ́tò náà fẹ̀, ojú ìwé sì tẹ́ẹ́rẹ́, ni wọ́n bá fi kọ̀ǹpútà sún pírámíìdì kan mọ́ èkejì kí wọ́n lè gba ibẹ̀. Ariwo sọ. Ẹ wá fi èyí wé òṣùpá Adams. Sísún tí wọ́n sún pírámíìdì kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀run tí Adams pa láró, ìkuukùu tó pa rẹ́ lórí ẹ̀dà kan sì pọ̀ ju ilẹ̀ tí wọ́n gé kúrò láàárín pírámíìdì méjì lọ. Bí a bá ń fi bí àyípadà ti pọ̀ tó ṣe ìdájọ́, Adams ló jẹ̀bi jù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra ìwé ìròyìn nípa ilẹ̀ ayé ti gbà pé ibi tí nǹkan wà lórí ilẹ̀ ni wọ́n ń fi hàn òun, ẹni tó sì wọ ibi àfihàn iṣẹ́ Adams ti gbà pé ohun tí Adams rí lọ́kàn ni wọ́n fẹ́ fi hàn òun. Ìgbà tí a bá yẹ àdéhùn yẹn nìkan ni a tó lè sọ pé a pa irọ́. Ìdí rèé tí ìbínú àwọn tó rí fọ́tò Robinson fi ní làákàyè nínú, bí wọ́n tilẹ̀ ṣìnà: wọ́n rò pé ẹ̀rí ni, eré sì ni.

Àtakò kejì tẹ̀ lé e: àdéhùn rọrùn láti sá sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ lè wí pé iṣẹ́ ọnà ni òun ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2016 nìyẹn, nígbà tí àwọn ènìyàn rí i nínú fọ́tò ìgboro Cuba kan tí Steve McCurry gbé síbi àfihàn ní Ítálì pé ìdí òpó kan kò sí níbi tó yẹ kó wà. Wọ́n wá tú àwọn fọ́tò rẹ̀ mìíràn wò, wọ́n rí i pé wọ́n ti yọ ènìyàn àti nǹkan kúrò nínú àwọn kan. McCurry, tí ayé ti mọ̀ fún iṣẹ́ ìròyìn, dáhùn pé asọ̀tàn tó ń fi àwòrán sọ̀tàn ni òun. A kò rò pé ìdáhùn yẹn tó. Àdéhùn kì í ṣe ohun tí ẹnì kan lè kọ lẹ́yìn tí ọjà ti tà tán. Ibi tí fọ́tò ti jáde, orúkọ tí a fi pè é, àti ohun tí ẹni tó yà á ti jẹ́ kí a gbà gbọ́ nípa òun ló ń dá a. Ẹ wo ìyàtọ̀ rẹ̀ nínú ti Daguerre: Samuel Morse, ará Amẹ́ríkà tó wo àwòrán rẹ̀ ní Paris ní 1839, kọ̀wé sílé ní Amẹ́ríkà pé òpópónà náà dá, ó sì ṣàlàyé nínú lẹ́tà kan náà pé ohun tó ń rìn kò lè mú lórí àwo. Òpópónà tó dá náà kò ṣi ẹnikẹ́ni tó ka lẹ́tà yẹn lọ́nà, torí pé àlàyé bá àwòrán dé.

Ti àwòrán tí kọ̀ǹpútà dá dá láìsí kámẹ́rà rárá kò gba àlàyé gígùn. Ní 2023, ayàwòrán Boris Eldagsen fi irú rẹ̀ kan wọ ìdíje Sony World Photography Awards, ó borí ní abala tirẹ̀, ó sì kọ̀ láti gba ẹ̀bùn náà, ó ní fọ́tò kọ́ ni. Òtítọ́ ló sọ. Kò sí ìmọ́lẹ̀ tó bà lára ẹnikẹ́ni kí àwòrán yẹn tó wáyé, orúkọ ìdíje náà sì ti jẹ́ àdéhùn.

Àtakò kẹta ló le jù, a kò sì lè sọ pé a ti yanjú rẹ̀ tán. Àdéhùn a máa kú, fọ́tò a sì máa wà. Àwọn tó mọ̀ pé Kẹ́hìndé ti lọ kí wọ́n tó ya fọ́tò náà á dàgbà, wọ́n á kú, wọn á ta ilé, fọ́tò á bọ́ sọ́wọ́ oníṣòwò, á gba ibẹ̀ dé ilé àkójọ ìṣẹ̀ǹbáyé kan lókè òkun. Ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀ níbẹ̀ á rí ọmọ méjì tó jọra. Á sì gbà bẹ́ẹ̀, kò sí ẹ̀bi rẹ̀ níbẹ̀. Fọ́tò tí kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni ní Ìlá ti wá ń ṣi ènìyàn lọ́nà báyìí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún fọwọ́ kàn án. Àwọn kan tìtorí èyí sọ pé kí a pa àbá àdéhùn tì, kí a sì padà sí òfin pé ẹyọ nẹ́gátíìfù kan ni fọ́tò òtítọ́. Ṣùgbọ́n òfin yẹn kò gba Le Gray là, torí ẹyọ nẹ́gátíìfù ló ń fún un ní ọ̀run tí kò sí, kò sì ṣe Daguerre ní oore, ẹni tí àwo rẹ̀ gbé gbogbo èrò Boulevard du Temple mì. Ohun tó kù ní ṣíṣe ni pé kí àdéhùn máa bá fọ́tò rìn ní kíkọ. Ẹni tó ń tọ́jú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ní láti kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ ìlú tí wọ́n ti yà á, sitúdíò tó yà á, iye ọmọ tó jókòó níwájú kámẹ́rà, aṣọ ta ni ọmọ náà wọ̀, àti èwo nínú àwọn méjèèjì, Táyé ni tàbí Kẹ́hìndé, ló wà láyé lọ́jọ́ náà.